Ọgbà Nílẹ̀ Òtútù: Ohun Tó Ń Yè àti Ohun Tó Ń Kú ní Minnesota

Lọ́jọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2019, òtútù ìlú Minneapolis lọ sílẹ̀ dé −33°C. Ní Tower, ìlú kékeré kan lókè àríwá ìpínlẹ̀ Minnesota kan náà, ó ti dé −51°C rí, lọ́jọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1996. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn dé ibẹ̀ lásìkò bẹ́ẹ̀, tó rí gbogbo igi ní ìhòòhò, tí ilẹ̀ gan, á ní kò sóhun tó lè yè níbẹ̀. Àmọ́ tí oṣù Karùn-ún bá dé, igi ápù á tanná funfun, òdòdó lilac á máa ta sánsán ní gbogbo àdúgbò, peony tí ẹnì kan ti gbìn kí wọ́n tó bí ẹni tó ń gbé inú ilé náà báyìí á tún yọrí jáde nínú ilẹ̀.

Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọlọ́gbà ìpínlẹ̀ yìí ti ń wádìí ọ̀rọ̀ náà. Kí ló dé tí igi kan fi yè nínú òtútù tó pa ìkejì rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ilẹ̀ kan náà ni, alẹ́ kan náà ni? Àwọn kan gbára lé àwòrán ilẹ̀ tí ìjọba yà. Àwọn kan gbára lé àwọn onímọ̀ tó ń mú irú tuntun jáde. Àwọn kan ní ìbora, ewé gbígbẹ àti èérún igi la fi ń bá òtútù jà. Gbogbo wọn ló lóòótọ́ tiwọn nínú. Ibi tí èmi dúró sí ni pé òtútù oṣù Kìíní, bó ti wù kó mú tó, kì í sábà pa ọ̀gbìn tí àsìkò rẹ̀ bá ti ilẹ̀ náà mu. Èyí tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó sùn, tàbí tó tètè jí, ni òtútù ń rí pa. Nítorí náà yíyàn ló ṣáájú ìtọ́jú, àti pé ìtọ́jú tó bá máa ràn án lọ́wọ́ kì í ṣe inú oṣù Kìíní ni wọ́n ti ń ṣe é, ìgbà ìwọ́wé ni, àti ìgbà ìrúwé.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà, torí òun lojú kọ́kọ́ ń bá pàdé lára ike igi tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀, USDA, ló kọ́kọ́ gbé àwòrán ẹkùn òtútù jáde ní 1960, wọ́n sì tún un yà ní 1990, ní 2012 àti ní 2023. Ẹkùn 13 ni wọ́n pín ilẹ̀ náà sí. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni òtútù ibẹ̀ ṣe mú tó. Ohun ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi pín in: nínú ọdún kan, òtútù alẹ́ tó tutù jù lọ tó mélòó? Wọ́n á kó ti ọgbọ̀n ọdún jọ, wọ́n á mú ìdá àárín rẹ̀. Ní ẹkùn 4, tí apá tó pọ̀ ní Minnesota wà, alẹ́ tó tutù jù lọ́dún máa ń wà láàárín −34°C àti −29°C. Ẹkùn 3 tún tutù ju ìyẹn lọ, ó ń bá a dé −40°C.

Àwòrán náà wúlò púpọ̀. Ẹni tó bá ra igi ẹkùn 7 lọ gbìn sí Minnesota ti da owó rẹ̀ nù, kò sì sí àlàyé tó lè gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan péré ni nọ́ńbà yẹn ń dáhùn. Kò sọ iye oṣù tí òtútù á fi wà. Kò sọ bóyá yìnyín ti bo ilẹ̀ kí òtútù náà tó dé. Kò sọ bóyá oòrùn á ràn tó nígbà ooru. Àwọn ará Kánádà tètè rí èyí: àwòrán tiwọn, tó jáde ní 1967, ka ìjìnlẹ̀ yìnyín, òjò, afẹ́fẹ́ líle àti gígùn àsìkò tí ìrì dídì kì í bọ́ mọ́ ọ̀rọ̀ òtútù. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́gbà tí wọ́n ń pè ní RHS ń lo àmì tiwọn, H1 sí H7, H7 sì ni èyí tó lè fara da òtútù tó ju −20°C lọ. London sún mọ́ òpin àríwá ayé ju Minneapolis lọ, síbẹ̀ òtútù rẹ̀ kò débi ti Minneapolis rárá, nítorí òkun tó yí ilẹ̀ náà ká. Omi tó dúró sídìí gbòǹgbò láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta ló ń ba ọ̀pọ̀ ọ̀gbìn jẹ́ níbẹ̀. Ewéko tó yè ní Minnesota lábẹ́ yìnyín gbígbẹ lè jẹrà ní London, bẹ́ẹ̀ ìwé ara ike rẹ̀ á máa sọ pé ó le kọjá ohun tí ìlú yẹn ní.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara igi gan-an? Omi ló kún inú sẹ́ẹ̀lì ewéko. Tí omi yìí bá dì nínú sẹ́ẹ̀lì, á ya awọ rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á sì kú. Igi ilẹ̀ òtútù kì í jẹ́ kó débẹ̀. Láti oṣù Kẹjọ, bí ojúmọmọ ṣe ń kúrú sí i, á ti dáwọ́ ìdàgbàsókè dúró. Tí òtútù díẹ̀díẹ̀ bá wá wọlé ní oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá, á máa kó ṣúgà jọ sínú sẹ́ẹ̀lì, á sì máa jẹ́ kí omi sun jáde lọ sí àlàfo àárín sẹ́ẹ̀lì sí sẹ́ẹ̀lì, kó lọ dì síbẹ̀ níbi tí kò ti ní í pa á lára. Igi tó bá parí iṣẹ́ yìí lè fara da −40°C ní oṣù Kìíní. Igi yẹn kan náà, tí −10°C bá ká a mọ́ lójijì nígbà tí kò tíì parí, lè kú pátápátá.

Ohun tó ń tọ́ igi sọ́nà nínú gbogbo èyí ni gígùn ojúmọmọ, ó sì ti wà lára hóró rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Igi maple pupa ń hù láti Florida títí dé Kánádà. Orúkọ kan náà ni, ewé kan náà ni lójú ẹni tí kò bá wò ó dáadáa. Àmọ́ èyí tí hóró rẹ̀ ti gúúsù wá, tí wọ́n gbé lọ sí Minnesota, á ṣì máa dúró tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ti ìlú ibẹ̀ ti wọ́wé tán. Ìrì dídì oṣù Kẹwàá á sì bá ẹ̀ka rírọ̀ lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ka ìbéèrè yìí sí pàtàkì ju nọ́ńbà lọ: níbo ni hóró igi yìí ti wá? Olùtà tó mọṣẹ́ rẹ̀ á mọ̀ ọ́n. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n, ó sàn kéèyàn ṣọ́ra lọ́dọ̀ rẹ̀.

Apá kan lára igi tún máa ń le ju apá kejì lọ. Gbòǹgbò kò lágbára tó ẹ̀ka, nítorí ilẹ̀ ló ń bò ó. Ìdí nìyí tí igi tó ń yè nínú ilẹ̀ fi ń kú nínú ìkòkò lórí pèpéle. Ìrudi òdòdó náà kò lágbára tó ìrudi ewé. Ẹ wo forsythia, igi kúkúrú tó máa ń yọ òdòdó àwọ̀ ìyeyè kó tó rú ewé. Irú rẹ̀ àtijọ́ kì í kú ní Minnesota, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà òtútù tó le, ìsàlẹ̀ nìkan ni òdòdó á yọ sí, títí dé ibi tí yìnyín bò mọ́lẹ̀. Lókè ibẹ̀, igi lásán ni. Ilà tó là wọ́n láàárín á tẹ́ pẹrẹsẹ yí igi náà ká, débi pé èèyàn lè fi ọwọ́ wọn ìjìnlẹ̀ yìnyín ọdún yẹn lára rẹ̀ nígbà tí yìnyín ti yọ́ lọ tipẹ́. Yunifásítì Minnesota ló wá mú irú kan jáde tí wọ́n pè ní Northern Sun, tí ìrudi rẹ̀ ń yè lókè yìnyín. Bákan náà lọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú hydrangea. Èyí tó ń yọ òdòdó lára ẹ̀ka èṣí máa ń pàdánù gbogbo rẹ̀, àmọ́ Annabelle ń yọ òdòdó lára ẹ̀ka tuntun, nítorí náà kò sóhun tí òtútù lè jí gbé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìtàn ápù ló fi bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí hàn jù. Peter Gideon dé etí adágún Minnetonka ní ìgbà tí àwọn èèyàn Yúróòpù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ dó síbẹ̀, láàárín ọdún 1850 sí 1860. Ó gbin igi ápù, òtútù pa á. Ó tún gbìn, òtútù tún pa á, ọdún lórí ọdún, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku nǹkan kan. Wọ́n ní nígbà tí owó ọwọ́ rẹ̀ ku dọ́là mẹ́jọ, tí kò ní ẹ̀wù òtútù, hóró ápù ló fi ránṣẹ́ rà láti Bangor ní ìpínlẹ̀ Maine. Inú hóró yẹn ni igi kan ti hù tó yè. Ní 1868 ó so, Gideon sì fi orúkọ ìyàwó rẹ̀, Wealthy, pè é. Kò sí ìbora kankan tó fi gba igi yẹn là. Ó gbin ohun púpọ̀, ó jẹ́ kí ilẹ̀ náà ṣàyàn, ó sì mú èyí tó kù. Ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n ṣì ń tọ̀ títí dòní, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ló kàn kún un.

Ní 1908 ni oko ìwádìí èso Yunifásítì Minnesota bẹ̀rẹ̀ nítòsí Excelsior, kò jìnnà sí ibi tí Gideon gbé. Haralson jáde níbẹ̀ ní 1922, ó ṣì wà nínú ọgbà àwọn èèyàn káàkiri ìpínlẹ̀ náà. Gbajúgbajà inú wọn ni Honeycrisp. Ní 1960 ni wọ́n da òdòdó igi méjì tó bí i pọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lára àwọn tí wọ́n máa gé dànù, torí igi rẹ̀ kò ṣe dáadáa níbi tí wọ́n gbìn ín sí. David Bedford, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi iṣẹ́ náà, ló ní kí wọ́n fún un láyè sí i. Ó jáde sọ́jà ní 1991, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì di èso àmúyangàn ìpínlẹ̀ Minnesota lábẹ́ òfin ní 2006. Ẹni tó bá ń gé ápù yẹn jẹ ní London tàbí ní Houston, ìdí tí wọ́n fi wá a kiri nìyẹn: wọ́n fẹ́ igi tó lè fara da ẹkùn 4, tí èso rẹ̀ kò sì ní í jẹ́ èyí tí wọ́n ń jẹ torí pé kò sí òmíràn.

Lórí róòsì, ọ̀nà méjì ni àwọn èèyàn ilẹ̀ òtútù ń tọ̀, ìjiyàn wọn kò sì tíì parí. Àwọn kan ń sin ín. Ní àárín oṣù Kẹwàá, wọ́n á fi okùn di ẹ̀ka róòsì pọ̀, wọ́n á gbẹ́ kòtò tó gùn tó igi náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, wọ́n á wá fi fọ́ọ̀kì oko tú ilẹ̀ ìhà kejì títí gbòǹgbò á fi dẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rọra tì í lulẹ̀ sínú kòtò. Ìdí gbòǹgbò ló gbọ́dọ̀ tẹ̀, torí bí igi rẹ̀ bá tẹ̀, á ṣẹ́. Wọ́n á da erùpẹ̀ bò ó, wọ́n á kó ewé gbígbẹ lé e lórí. Ní oṣù Kẹrin, wọ́n á hú u, wọ́n á gbé e dìde, wọ́n á fọ ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, ọdọọdún sì ni. Orúkọ ìpínlẹ̀ náà ni wọ́n fi ń pe ọgbọ́n yìí káàkiri Amẹ́ríkà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kejì wá róòsì tí kò nílò sísin. Ní Ottawa, Felicitas Svejda, tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba Kánádà, bẹ̀rẹ̀ sí í da róòsì pọ̀ mọ́ àwọn tó ti mọ òtútù lára, pàápàá Rosa rugosa tó ti ìlà-oòrùn Éṣíà wá. Orúkọ àwọn arìnrìn-àjò tó ṣàwárí ilẹ̀ Kánádà láyé àtijọ́ ló fi sọ wọ́n: Martin Frobisher ní 1968, John Cabot ní 1978, William Baffin ní 1983. Ní Morden, ní ìpínlẹ̀ Manitoba, wọ́n mú ẹbí mìíràn jáde. William Baffin lè gun ògiri kọjá orí èèyàn, kó sì la òtútù ẹkùn 3 kọjá láìsí ìbora. Èmi ò ní ṣiyèméjì: ẹni tó ní iṣẹ́ àti ọmọ, àwọn róòsì Kánádà yìí ni kó gbìn. Síbẹ̀ mi ò lè sọ pé iṣẹ́ lásán ni àwọn asinróòsì ń ṣe. Òdòdó róòsì ọlọ́rùn gígùn tó ń dá yọ lórí ọ̀pá kan, tí wọ́n ń torí rẹ̀ jìyà, kò tíì sí èyí tó jọ ọ́ nínú àwọn alágbára yẹn. Ohun kan ni kí àwọn méjèèjì fi sọ́kàn. Bí wọ́n bá so róòsì mọ́ gbòǹgbò òmíràn, kí ojú ìsopọ̀ náà wọ ilẹ̀ tó íǹṣì méjì sí mẹ́rin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkè á kú, gbòǹgbò àjèjì ni á hù, onílé á sì máa ṣe kàyéfì pé òdòdó òun pàwọ̀ dà.

Mi ò ní pẹ́ lórí àwọn òdòdó tí òkè wọn ń kú tí ìdí wọn ń yè, torí àwọn ló rọrùn jù. Hosta, daylily, sedum àti iris Siberia kò ní í dààmú ẹnikẹ́ni. Peony lè lo àádọ́ta ọdún lójú kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń gbìn ín, kí ojú ìrudi rẹ̀ má sì wọ ilẹ̀ ju íǹṣì méjì lọ. Èyí tí wọ́n bá rì jù á máa rú ewé tútù lọ́dọọdún láìní yọ òdòdó kan. Fún irú àwọn wọ̀nyí, òtútù kì í ṣe ọ̀tá. Gbòǹgbò tulip, tó rí bí àlùbọ́sà, nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 sí 16 nínú òtútù kó tó lè tanná dáadáa, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń rì í sínú ilẹ̀ kí oṣù Kẹwàá tó parí. Ẹni tó bá gbé e lọ sí Èkó ní láti fi ẹ̀rọ amómitutù ṣe ìgbà òtútù fún un.

Ó wá ku ìtọ́jú. Gbogbo ẹni tó ti lo ọdún díẹ̀ nídìí ọ̀rọ̀ yìí mọ̀ pé ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n ti ń mọ ẹni tí igi rẹ̀ á yè. Lẹ́yìn oṣù Keje, kí wọ́n má fún igi ní ajílẹ̀ mọ́, kí wọ́n má sì rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ tàbí Kẹsàn-án, torí méjèèjì ló ń mú kó rú ewé tuntun nígbà tó yẹ kó máa múra oorun. Àmọ́ kí wọ́n má dá omi dúró. Omi yìí ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń gbàgbé jù, pàápàá fún àwọn igi tí kì í wọ́wé. Ewé wọn á ṣì máa pàdánù omi nínú oòrùn àti afẹ́fẹ́ oṣù Kejì, gbòǹgbò wọn kò sì lè rí omi fà nínú ilẹ̀ tó ti dì. Tí wọ́n bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ní oṣù Kẹrin, àwọn èèyàn á ní òtútù ló jó wọn. Òùngbẹ ni. Kí wọ́n bomi rin wọ́n dáadáa títí ilẹ̀ á fi dì.

Lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti dì ni kí wọ́n tó da ewé gbígbẹ tàbí koríko bo ìdí òdòdó, wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe é ṣáájú. Èyí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, torí wọ́n rò pé ìbora náà wà láti mú ilẹ̀ móoru. Ohun tó wà fún ni kí ilẹ̀ tó ti dì má yọ́. Ilẹ̀ tó ń dì lóru tó ń yọ́ lọ́sàn-án máa ń ti gbòǹgbò ọ̀gbìn tuntun sókè títí yóò fi yọ síta, afẹ́fẹ́ á sì gbẹ ẹ́ pa. Yìnyín ló ń ṣe iṣẹ́ yìí jù lọ. Lábẹ́ yìnyín tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ilẹ̀ kì í tutù tó afẹ́fẹ́ òkè rárá. Ọdún tí òtútù le tí yìnyín kò rọ̀ ni ọdún òfò. Èérún igi tí wọ́n ń kó sídìí igi ńlá kò gbọ́dọ̀ kan èèpo rẹ̀: a máa ń rí i tí wọ́n kó o jọ gègèrè mọ́ ara igi, èèpo á jẹrà lábẹ́ rẹ̀, eku á sì fi ṣe ilé.

Eku àti ehoro kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Lábẹ́ yìnyín, eku lè jẹ èèpo ìdí igi ápù yíká, igi náà á sì kú bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Wáyà oníhò kéékèèké ni oògùn wọn, kó wọ ilẹ̀ díẹ̀, kó sì ga ju ibi tí yìnyín lè dé lọ, torí orí yìnyín ni ehoro máa ń dúró sí jẹun. Ìhà gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ara igi kékeré tún ń fẹ́ ìṣọ́. Oòrùn ọ̀sán oṣù Kejì máa ń jí èèpo ibẹ̀, ilẹ̀ á ṣú, òtútù á padà, èèpo á sì là. Ohun funfun tí wọ́n fi wé e ní oṣù Kọkànlá ló ń dènà èyí, kí wọ́n sì tú u nígbà ìrúwé.

Nígbà ìrúwé, sùúrù niṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má tètè sọ pé igi ti kú. Kó fi èékánná họ èèpo ẹ̀ka kékeré kan: tí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, tó ní àwọ̀ ewé, ẹ̀ka yẹn wà láàyè, tó bá gbẹ tó pọ́n, kó sún mọ́ ìdí, kó tún họ ibòmíràn. Àwọn kan kì í rú títí di oṣù Kẹfà. Kí wọ́n rẹ́ ẹ̀ka igi ápù ní oṣù Kẹta kó tó jí, kí wọ́n fi igi oak sílẹ̀ láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Keje torí àrùn tí kòkòrò ń gbé wọ ojú ọgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì rẹ́ lilac gẹ́rẹ́ tó bá ti tanná tán. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí ní gbogbo oṣù Kẹrin, torí ooru ọjọ́ mẹ́ta lè tan igi jẹ, kí ìrì dídì wá gba gbogbo òdòdó rẹ̀ lóru ọjọ́ kan.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Minnesota, Chicago àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbéèrè tiwọn lórí gbogbo èyí: ẹ̀fọ́ wa ńkọ́? Nọ́ńbà ẹkùn kò kan tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ilá rárá, torí wọn kò ní í bá òtútù pàdé. Láàárín oṣù Karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ni wọ́n á hù tí wọ́n á sì parí. Ooru ni wọ́n ń fẹ́, Minnesota sì ní ooru: oòrùn oṣù Keje rẹ̀ ń bá a dé 30°C, ojúmọmọ sì gùn tó wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nítorí náà ilá tó kọ̀ láti so nínú ọgbà ìta ní London, níbi tí òtútù kò mú, ń so wọ̀ǹtìwọnti ní Minneapolis tí òtútù ti ń pa èèyàn. Ẹni tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á nílò ilé onírọ́bà tàbí onígíláàsì fún un.

Ewédú tún ní àǹfààní kan níbẹ̀ tí kò ní nílé. Ojúmọmọ kúkúrú ló ń mú un yọ òdòdó, torí náà nínú ojúmọmọ gígùn oṣù Kẹfà àti Keje, ewé ló ń fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣe. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń ji hóró rẹ̀ ṣì ni ọ̀nà tó dára jù: wọ́n á dì í sínú aṣọ, wọ́n á rì í bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú-àáyá bíi márùn-ún sí mẹ́wàá, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á tẹ́ ẹ kó gbẹ kí wọ́n tó fọ́n ọn. Kí ẹnikẹ́ni má fọ́n ọn sínú ilẹ̀ tó ṣì tutù, ìdin àti ìjẹrà ló máa jẹ ẹ́. Ata rodo kò lè bá oṣù márùn-ún mu láti orí hóró, inú ilé ni wọ́n ń ti gbìn ín ní oṣù Kẹta. Tí wọ́n bá máa gbé e jáde, kí wọ́n fi bí ọ̀sẹ̀ kan mọ́ ọn lára: wákàtí díẹ̀ lábẹ́ ibòji lọ́jọ́ kìíní, kí wọ́n máa fi kún un. Ewúro ń gbé inú ìkòkò, á wọlé kí ìrì dídì tó dé. Ó lè wọ́ ewé nítorí ìmọ́lẹ̀ ilé kò tó, àmọ́ kò kú. Iṣu kì í ṣe ohun tí mo lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti dán wò níbẹ̀, oṣù tó nílò pọ̀ ju èyí tí ilẹ̀ náà ní lọ. Ó sì dùn mọ́ mi láti sọ pé ṣọkọyọ̀kọ̀tọ̀ ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa. Celosia ni wọ́n ń pè é, òdòdó pupa àti àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ ni wọ́n sì ń tìtorí ẹ̀ gbìn ín síwájú ilé, láìmọ̀ pé ewé rẹ̀ ń di ọbẹ̀.

Ìjiyàn tó gbóná jù báyìí ni ti àwòrán 2023. Nǹkan bí ìdajì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló bọ́ sí ìdajì ẹkùn tó móoru sí i, Minneapolis sì kúrò ní ẹkùn 4 bọ́ sí ẹkùn 5. Inú àwọn olùtà dùn, torí ohun tí wọ́n lè tà pọ̀ sí i. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ ń gbóná. Àmọ́ gbígbóná yẹn kì í ṣe èrè lásán. Kòkòrò tó ń pa igi ash, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Minnesota ní 2009, kò fẹ́ràn òtútù: tó bá dé −34°C, púpọ̀ nínú ìdin rẹ̀ ló ń kú. Bí irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣọ̀wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà ń ṣí fún un. Ọ̀pọ̀ ìlú ló ti gbin ash nìkan sí etí pópó wọn, wọ́n wá ń gé e lulẹ̀ ní ìlà-ìlà.

Líle sí òtútù nìkan kò sì tó láti fi yan igi. Buckthorn, tí wọ́n kó ti Yúróòpù wá láti fi ṣe ọgbà yíká ilé, kò bẹ̀rù òtútù kankan. Ẹyẹ jẹ èso rẹ̀, wọ́n gbé e wọ igbó, ó wá di èpò tí ìjọba Minnesota fòfin de. Ewé rẹ̀ ṣì máa ń tutù nígbà tí gbogbo igi ìbílẹ̀ ti wọ́wé, oòrùn ìgbà ìwọ́wé tó yẹ kó kan àwọn ọ̀dọ́ igi ilẹ̀ ibẹ̀ ló sì ń gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo ka èyí sí ẹ̀rí tó lágbára fún àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ wo igi ìbílẹ̀, bíi bur oak, kí wọ́n tó wo àjèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò ní torí ìyẹn hú peony ẹnikẹ́ni.

Ní ti ẹkùn 5 tuntun yìí, ìdá àárín ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi pín in, alẹ́ ẹyọ kan ló sì ń pa igi. −33°C tó bá Minneapolis ní 2019, òtútù ẹkùn 4 ni. Nítorí náà, òdòdó tí kò wọ́n, tí wọ́n lè tún rà lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n dán ti ẹkùn 5 wò lẹ́bàá ògiri tó kọjú sí gúúsù, kó sì dùn mọ́ wọn tó bá yè. Igi tí wọ́n fẹ́ kí ó ṣíji bo ilé fún ọgọ́ta ọdún, ẹkùn 4 ni kí wọ́n rà, tó bá ṣeé ṣe ẹkùn 3, kí wọ́n sì béèrè ibi tí hóró rẹ̀ ti wá kí wọ́n tó sanwó.